Ọ̀nà Tí Tírélà Gbà Gòkè

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú Ọlọ́dà, kó sọ fún un pé òun ṣìnà lójú ọ̀nà tó kùn. Kì í ṣe ìbínú aláriwo o. Yóò kàn wo onítọ̀hún láti òkè délẹ̀, yóò gbé garawa ọ̀dà rẹ̀, yóò sì ní kó ṣíwájú, kó lọ fi ibi tí àmì òun kò ti hàn han òun. Nígbà tí wọ́n bá fi dé ibẹ̀, àmì náà á wà lára òkúta gàdàgbà-gadagba, ẹni tó ṣìnà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé fóònù lòun ń wò.

Iṣẹ́ obìnrin yìí nìyẹn. Ó ń kun àmì sójú àwọn ọ̀nà ìrìn tó yí ìlú àtijọ́ kan ká. Odi òkúta ló yí ìlú náà po, odò ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá, òkè kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ilé ìṣọ́ dúró lé lórí, níbi tí àwọn ará ìgbàanì ti ń ṣọ́ ọ̀tá. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀tá níbẹ̀ mọ́. Àlejò ló ń wò ó báyìí, wọ́n ń ti ibi gbogbo wá láti fẹsẹ̀ rin àyíká rẹ̀. Ọ̀nà Pupa wà fún àwọn tí orúnkún wọn le, ó ń gba orí àtẹ̀gùn òkúta lọ tààrà sí ilé ìṣọ́. Ọ̀nà Ìyeyè wà fún àwọn tó kàn fẹ́ na ẹsẹ̀, ó ń tẹ̀lé odò lọ. Níbi tí èèyàn bá ti lè ṣìnà, Ọlọ́dà á kun ìlà méjì tó dábùú ara wọn, ìyẹn ni pé má yà síbí. Bó bá sì kun ọ̀nà kan tán ní àlọ, yóò yíjú padà, yóò tún un kùn ní àbọ̀, nítorí ohun tí èèyàn ń rí bó ṣe ń lọ kọ́ ló ń rí bó ṣe ń bọ̀. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí níbòmíràn kì í sábà rántí ìyẹn, Ọlọ́dà kì í sì í tijú láti rán wọn létí.

Lọ́dún yìí, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ọ̀nà náà ní kó ṣe ẹ̀kẹta. Wọ́n pè é ní Ọ̀nà Ewé, torí ọ̀dà àwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń sàmì sí i. Ọ̀nà gbogbo èèyàn ni: arúgbó, ìyá tó ń ti ọmọ jòjòló nínú kẹ̀kẹ́, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Wọn yóò ṣí i ní Sátidé. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, Ọlọ́dà mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ síbẹ̀ kó lọ dán an wò. Ìyìn ló ń retí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín.

Ìyá Onítírélà ni gbogbo ìlú ń pe ẹ̀gbọ́n yìí. Tírélà ló wà títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ó fi kó sìmẹ́ńtì, ó fi kó irin, ó fi kó òkúta, kò sì sí ọkùnrin awakọ̀ kan tó lè fọ́nnu níwájú rẹ̀. Àfi ìgbà tí àìsàn ọ̀pá ẹ̀yìn gba ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Orí àga onítáyà ló ń jókòó báyìí, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ yí i, ó sì ń pè é ní tírélà. Ẹni tó bá pè é ní orúkọ mìíràn níwájú rẹ̀ á gbọ́ ohun tí kò rò.

“Ọ̀nà yìí dáa,” ni Ìyá Onítírélà wí lẹ́yìn tí wọ́n rìn díẹ̀. “Ilẹ̀ rẹ̀ le, kò sí kòtò. Ta ló dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń ṣe é?”

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“O ṣeun. Níbo ló ń lọ?”

“Ó yí ẹ̀yìn odi ká ni, ó wá padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀.”

Wọ́n kọjá ibi tí àwọn àlejò ń gbé ọkọ̀ sí. Wọ́n kọjá gọ́tà. Wọ́n dé ẹ̀yìn ilé ìtura kan, níbi tí àwọn agolo ìdọ̀tí tò jọ síwájú odi. Ìyá Onítírélà dá táyà rẹ̀ dúró. Ó wo agolo, ó wo odi tó dí i lójú, ó wá yíjú sí àbúrò rẹ̀.

“Jẹ́ n bi ẹ́ léèrè. Ọ̀nà Pupa ń lọ síbi ilé ìṣọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ọ̀nà Ìyeyè ń lọ sódò?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Tèmi wá ń lọ sídìí agolo ìdọ̀tí.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọlọ́dà wọra. Ó fẹ́ sọ pé ẹ̀yìn odi nìkan nilẹ̀ ti tẹ́jú, pé iléeṣẹ́ ló fọwọ́ sí i, pé táyà ò lè gun àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ wúwo, torí ó mọ ohun tí òkè yẹn jẹ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá wọn ni olùṣọ́ ilé ìṣọ́ náà nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ láràárọ̀, á gbé Ọlọ́dà kọ́ èjìká, ẹ̀gbọ́n á di etí ẹ̀wù rẹ̀ mú, wọ́n á jọ gòkè. Láti orí ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ti kọ́kọ́ rí àwọn ọ̀nà tó jáde kúrò nílùú, tó sì sọ fún bàbá wọn pé òun á gba gbogbo wọn. Kò parọ́, ó gbà wọ́n tán.

Wọ́n ń padà lọ sílé nígbà tí Ìyá Onítírélà sọ èyí tó kù.

“Ọmọ mi ń bọ̀ ní Sátidé. Ó ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Mo ti gbà.”

Ọlọ́dà bọ́ síwájú, ó ń rìn kíákíá títí wọ́n fi délé.

Inú ilé tí àwọn òbí wọn fi sílẹ̀ ni àwọn méjèèjì jọ ń gbé. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, páálí kún pálọ̀. Ọlọ́dà jókòó sílẹ̀, ó ń fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé àwo, ṣùgbọ́n bó bá wé méjì, á tú ọ̀kan, á ní kò wé dáadáa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lójú fèrèsé, ó kọjú sí òkè.

“Kí ló ṣe yín níbí?” ni Ọlọ́dà bèèrè.

“Níbí ò ṣe mí ní nǹkan kan. Òkè yẹn ló ń ṣe mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbójú sókè wò ó bí ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀ mọ́ síta. Nílé ọmọ mi, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Tí n ò bá rí òkè kankan, ọkàn mi á balẹ̀.”

“Tí ẹ bá dé ibẹ̀ ńkọ́?”

“Ibo?”

“Ìdí ilé ìṣọ́.”

Ìyá Onítírélà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó fi ń rẹ́rìn-ín àwọn tó bá ní àwọn fẹ́ ya òun sílẹ̀ lójú ọ̀nà. “Tí mo bá dé ìdí ilé ìṣọ́ kí ọmọ mi tó dé, ọmọ mi á dá nìkan padà lọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé mi o. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi gbé ẹrù, n ò ní wá di ẹrù lọ́jọ́ alẹ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe di àdéhùn. Ẹ̀gbọ́n rò pé eré lòun ń ṣe, àbúrò kò gbà á ní eré.

Lọ́jọ́ kejì, Ọlọ́dà lọ bá ọ̀gá iléeṣẹ́, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tó ní bàtà ìrìn olówó ńlá tí kò tíì kan ẹrẹ̀ rí. Ọ̀gá gbọ́rọ̀ náà, àánú sì ṣe é. Ó ní òun á fún un ní géńdé ọkùnrin mẹ́rin, kí wọ́n gbé Màmá gorí àtẹ̀gùn ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí Ọlọ́dà jíṣẹ́ yìí nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tilẹ̀ bínú.

“Bá mi kí i. Sọ fún un pé àpò sìmẹ́ńtì ni wọ́n máa ń gbé báyẹn.”

Wọ́n jẹun alẹ́ tán. Ọlọ́dà ń palẹ̀ àwo mọ́ nígbà tí Ìyá Onítírélà, tó tún ti yíjú sójú fèrèsé, béèrè ìbéèrè kan bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

“Àwọn òkúta ìdí ilé ìṣọ́ yẹn, báwo ni wọ́n ṣe tóbi tó?”

“Òmíràn ju tábìlì yìí lọ.”

“Ta ló gbé e dé òkè?”

“Àwọn ará àtijọ́ ni.”

“Mo mọ̀. Orí ni wọ́n fi rù ú?”

Ọlọ́dà gbé àwo sílẹ̀.

“Màlúù tó ń fa ẹrù kì í gun àtẹ̀gùn,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá a lọ. “Èmi ti kó òkúta rí. Ẹni tó bá kó òkúta á wá ibi tí táyà lè gbà, kó tilẹ̀ jìn, kó tilẹ̀ lọ́ bí ìfun ewúrẹ́. Ọ̀nà ẹrù wà lára òkè yẹn, àbúrò mi. Táyà ti gùn ún kí wọ́n tó tẹ́ àtẹ̀gùn fún ẹnikẹ́ni.”

Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i lórí ìdúró. Láti kékeré ni Ọlọ́dà ti ń gbọ́ òwe náà, ọjọ́ yẹn ló wá rí àgbà tó jókòó lóòótọ́. Oorun ò kùn ún. Ó ń fojú inú rin òkè náà, láti ìdí dé orí, títí ó fi dé ibì kan tí ara rẹ̀ ta.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tó fi débẹ̀. Níbi tí Ọ̀nà Pupa ti kọ́kọ́ ṣẹ́ kọ́nà, àlàfo kan wà lọ́wọ́ òsì láàárín òkúta ńlá méjì, ìtàkùn ti bò ó. Lára òkúta kìíní ni ìlà pupa méjì wà tó dábùú ara wọn, má yà síbí. Òun fúnra rẹ̀ ló kùn ún. Àwọn àlejò ń ṣìnà wọ ibẹ̀ nígbà kan, ó yọjú wo inú rẹ̀, kò rí àtẹ̀gùn, ó ní kì í ṣe ọ̀nà, ó kun àmì èèwọ̀ sí i. Ojú ẹlẹ́sẹ̀ ló fi wò ó, àtẹ̀gùn ni ojú ẹlẹ́sẹ̀ sì ń wá lára òkè.

Ó fa àdá yọ, ó bẹ́ ìtàkùn. Ó fi bàtà wa ewé jíjẹrà kúrò. Lábẹ́ rẹ̀, òkúta pẹlẹbẹ wà tí wọ́n tò mọ́ra wọn, ipa méjì sì gba orí rẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó jinlẹ̀ bí ọpọ́n tí wọ́n ti lò láti ayébáyé. Ipa ẹsẹ̀ ọkọ̀ ẹrù ni. Wọ́n rọra ń gun ẹ̀yìn òkè lọ, wọn ò le koko, wọn ò kánjú. Ọlọ́dà jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Òun fi ọ̀dà pupa júwe é, ó tún ní kí wọ́n má yà síbẹ̀.

Ó pe ọ̀gá. Ọ̀gá wá, ó tẹ̀lé ipa náà wọnú igbó títí ẹrẹ̀ fi bo bàtà rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, nígbà tó sì jáde, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọ tó rí nǹkan he. Kò jiyàn rárá. Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ tó ní àdá fún un, ó ní kí wọ́n fi iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ dí àwọn ipa náà kó lè tẹ́jú. Láti ọjọ́rú dé ọjọ́ ẹtì ni wọ́n fi ń ṣán igbó. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ibi tí wọ́n bá ṣán dé ni Ìyá Onítírélà ń yí táyà rẹ̀ dé, á dúró, á wo ọ̀nà tó kù, á mi orí, á sì sọ fún wọn ibi tí omi òjò máa gbà bà á jẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ẹtì, àwọn òṣìṣẹ́ ṣán an dé ìdí ilé ìṣọ́. Ọ̀gá mú okùn ìwọ̀n, ó wọn gbogbo ọ̀nà náà. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ bá Ìyá Onítírélà nísàlẹ̀ kọ́nà ìgbẹ̀yìn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Màmá, gbogbo rẹ̀ ló dáa àfi kọ́nà ìgbẹ̀yìn. Ó ti ga ju bí òfin ṣe sọ lọ. A ò lè pe ibẹ̀ yẹn ní Ọ̀nà Ewé láìkọ ìkìlọ̀ sí i.”

“Ẹ kọ ìkìlọ̀ yín, ọ̀gá. Ṣé òfin ló fẹ́ wà á ni?”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí nínú òfin pé kí ẹnikẹ́ni dá Màmá dúró.

Sátidé mọ́. Ọmọ ti tẹ̀ wọ́n láago pé òun ti wà lójú ọ̀nà. Ìyá Onítírélà wọ ìbọ̀wọ́ awọ tó fi ń wakọ̀ láyé ọjọ́un, ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ó sì ní kí Ọlọ́dà mú igi kúkúrú méjì dání.

“Kí la fẹ́ fi ṣe?”

“Kí ni ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń fi igi ṣe lórí òkè? Bí mo bá ní ‘dì í’, o fi di táyà kó má baà yí padà. Tí mo bá sinmi tán, o yọ ọ́.”

“Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má gbé yín.”

“Wọ́n ń fi igi di táyà, ìyẹn kì í ṣe kí wọ́n gbé ọkọ̀. Máa bọ̀.”

Títí dé ìdajì ọ̀nà, eré ni. Ìyá Onítírélà ń yí táyà, ó ń mí kanlẹ̀, ó ń sọ ìtàn awakọ̀ kan tó máa ń sùn lórí ìdarí ọkọ̀ tó sì máa ń jí tó bá dé kọ́nà. Nígbà tí apá bá ro ó, á ní “dì í”, Ọlọ́dà á di táyà, wọ́n á sinmi. Òógùn bò wọ́n. Ọlọ́dà ń rò ó bó ṣe ń rìn. Tí ọ̀nà yìí bá kọ̀, ilé tó ń padà sí lónìí á ṣófo, kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń dá jẹun ní tábìlì yẹn.

Wọ́n dé kọ́nà ìgbẹ̀yìn, ọ̀nà sì kọ̀. Bí Ìyá Onítírélà ṣe fi gbogbo agbára tì í, àwọn táyà kékeré iwájú gbéra nílẹ̀, àga fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Ọlọ́dà sáré na ọwọ́.

“Ọwọ́ rẹ o,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Ọlọ́dà ká ọwọ́ kò. Ó fi igi di táyà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, táyà iwájú tún gbéra. Wọ́n gbọ́ ohùn àwọn àlejò lókè, nítòsí báyìí. Ọlọ́dà wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rò pé òun á rí omijé níbẹ̀. Ohun tó rí ni ojú awakọ̀ tó ń rò ó.

“Ìwọ,” ni Ìyá Onítírélà wí, “bí tírélà tó kún fọ́fọ́ bá kọ̀ láti fi iwájú gun òkè, kí là ń ṣe?”

“Mi ò mọ̀.”

“Àìrìnjìnnà rẹ nìyẹn. À ń yí i padà ni, a ó fi ẹ̀yìn gùn ún. Jíà ẹ̀yìn ló lágbára jù lára ọkọ̀.” Ó fa táyà ọ̀tún, ó ti ti òsì, àga náà sì yí padà, ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sókè, ojú rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀. “Bọ́ sí iwájú mi níbẹ̀. Di igi rẹ mú. Má fọwọ́ kàn mí.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa táyà sẹ́yìn. Àga náà gùn ún. Ó fà, Ọlọ́dà dì í. Ó fà, Ọlọ́dà dì í. Láàárín ìyẹn ni Ìyá Onítírélà gbójú kọjá orí Ọlọ́dà. Ọlọ́dà bojú wẹ̀yìn kó lè mọ ohun tó ń wò.

Ìlú ló ń wò. Àwọn tó ń gba Ọ̀nà Pupa, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń gòkè, ìgbà tí wọ́n bá dé orí ni wọ́n tó yíjú. Ṣùgbọ́n bí Ìyá Onítírélà ṣe ń fẹ̀yìn gòkè, bẹ́ẹ̀ ni ìlú ń ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: òrùlé kìíní, odi, odò, afárá, lẹ́yìn náà àwọn ọ̀nà tó jáde lọ sí ibi gbogbo. Omijé wá dé báyìí, ó ń ṣàn lọ sí àgbọ̀n rẹ̀, kò sì nù ún torí ọwọ́ rẹ̀ ò dilẹ̀.

Ẹ̀yìn àga kan ògiri ilé ìṣọ́.

“Dì í,” ni Ìyá Onítírélà wí.

Ọ̀sán kò tíì pọ́n nígbà tí ọmọ rẹ̀, agbẹjọ́rò kan tó wọ bàtà ọ́fíìsì, yọ lórí àtẹ̀gùn Ọ̀nà Pupa. Ó ti délé, ó bá ilẹ̀kùn ní títì, àwọn aládùúgbò sì nawọ́ sí òkè náà hàn án. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀.

“Màmá, ta ló gbé yín débí?”

“Mo wa ara mi wá. Ìwọ lo jọ ẹni tí wọ́n máa gbé.”

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wo ọ̀nà tó gbà, ó wo ìbọ̀wọ́ tó ti ya lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe òmùgọ̀. “Mo wá gbà pé ẹ ò bá mi lọ mọ́.”

“Màá máa wá kí ọ. Ṣùgbọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ bá mi tú àwọn páálí yẹn. Rọra mú àwọn àwo o, àǹtí rẹ mọ̀ọ́mọ̀ wé wọn wúruwùru ni, ó rò pé n ò rí òun.”

Ọlọ́dà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ní àárọ̀ yẹn, kí wọ́n tó gbéra, ó ti fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìlà pupa méjì kúrò lára òkúta ìsàlẹ̀. Báyìí, ó ṣí garawa ọ̀dà àwọ̀ ewé, ó sọ̀ kalẹ̀ sí kọ́nà ìgbẹ̀yìn, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè síbi tó ti máa ń kun àmì láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ní ọ̀gangan ojú ara rẹ̀.

“Ta ló fẹ́ rí ìyẹn?” ni ohùn kan wí láti òkè. “Sọ̀ ọ́ kalẹ̀.”

Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

“Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí i. Sì yí i sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí òkè, ẹ̀yìn la fi ń gun ibẹ̀ yẹn.”

Ọlọ́dà kúnlẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi wà ní ọ̀gangan ojú ẹni tó jókòó. Láti ibẹ̀, kò sí odi tó dí i lójú. Ó kun àmì náà, ó kùn ún kó nípọn, ó sì ní kí ẹ̀gbọ́n òun wò ó bóyá ó hàn.